Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Iṣẹ́ Postdoc Lórí Ohun Tí Igbó Máa Dà

Lóṣù yìí, àwọn tó ti gba PhD nínú ẹ̀kọ́ igbó, ẹ̀kọ́ ewéko tàbí ẹ̀kọ́ ojú ọjọ́ la fẹ́ dá lóhùn. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni bí wọ́n ṣe lè rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ tó ń fi ìṣirò sọ bí igbó ṣe máa rí ní ọdún mẹ́wàá, àádọ́ta tàbí ọgọ́rùn-ún sí àkókò yìí. A gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì yọ orúkọ kúrò.

Láti Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Orí bí igi gìmẹ́línà àti tíìkì ṣe ń dàgbà ni mo ti gba PhD mi. Bàbá mi ń bi mí pé oyè wo ló tún kù tí mo fi ní mò ń wá postdoc, n kò sì mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Ṣé ẹni tó mọ igi gbígbìn nìkan, tí kò mọ ẹgàn, lè débẹ̀?

Èsì: Ẹ bá wa kí Bàbá, kí ẹ sì sọ fún wọn pé postdoc kì í ṣe oyè, iṣẹ́ ni. Owó oṣù ni ẹni tó ń ṣe é ń gbà, kì í san owó ilé-ìwé fún ẹnikẹ́ni. Àdéhùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọdún kan sí mẹ́ta. Oríṣi méjì ló wà. Nínú ti àkọ́kọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti rí owó ìwádìí gbà, ó ti mọ ìbéèrè tó fẹ́ dáhùn, ẹni tó máa bá a ṣe é ló kù tó ń wá. Irú èyí ni ẹ máa ń rí nínú ìpolówó. Nínú ìkejì, tí wọ́n ń pè ní fẹ́lóṣíìpù, ẹ̀yin lẹ máa gbé ìbéèrè wá, owó á sì tẹ̀ lé yín lọ sí ibi tí ẹ bá yàn.

Iwájú kọ̀ǹpútà ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà wà. Ẹ ó kó ìwọ̀n igi láti inú pulọ́ọ̀tì ìwádìí, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n sàmì sí kí wọ́n lè máa wọn igi inú rẹ̀, ẹ ó kó dátà òjò àti ooru, ẹ ó kó gbogbo rẹ̀ sínú mọ́dẹ́ẹ̀lì kan, ìyẹn ètò ìṣirò inú kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bí igbó, ẹ ó wo bóyá ohun tó sọ bá ohun tí ojú rí mu, ẹ ó sì wá ìdí tí kò fi bá a mu. Àwọn mọ́dẹ́ẹ̀lì kan ń tọ́jú igi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: igi ńlá wó, ìmọ́lẹ̀ wọlé, àwọn kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í du àyè mọ́ ara wọn lọ́wọ́. JABOWA tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1972 ni ìran wọn ti ṣẹ̀. FORMIND ti ilé-iṣẹ́ ìwádìí UFZ ní Leipzig àti TROLL ti àwọn ará Toulouse wà lára èyí tí wọ́n ń lò fún igbó kìjikìji lónìí. iLand tó wà ní yunifásítì TUM ní Munich wà fún ilẹ̀ tó gbòòrò tí iná, ìjì àti kòkòrò ń bá jà. LPJ-GUESS ti Lund ní Swídìn ní tirẹ̀ ń kó irúfẹ́ igi pọ̀ sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, ó sì lè ṣe gbogbo àgbáyé.

Ẹni tó mọ tíìkì àti gìmẹ́línà kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹ mọ ọjọ́ orí igi yín, èyí tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹgàn kì í sábà mọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mọ́dẹ́ẹ̀lì 3-PG, tí àwọn onímọ̀ Landsberg àti Waring gbé jáde ní 1997, tó sì dára fún igi tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba. Ohun tó ń béèrè kò pọ̀: ooru tó ga jù àti èyí tó kéré jù lóṣooṣù, òjò, ìmọ́lẹ̀ oòrùn, irú ilẹ̀, iye omi tí ilẹ̀ náà lè gbà dúró, iye igi lórí hẹ́kítà kan, àti ìwúwo ewé, igi àti gbòǹgbò níbẹ̀rẹ̀. Ibi tó ti ń dàrú ni nọ́ńbà kan tó dúró fún bí ilẹ̀ ṣe lọ́ràá tó, láti 0 dé 1. Nítorí pé kò sí ẹ̀rọ kan tó ń wọn ọ̀rá ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn á máa yí nọ́ńbà náà sókè sódò títí mọ́dẹ́ẹ̀lì á fi bá dátà wọn mu, wọn á wá ní ó ti yege. Kò yege o, àwọn ló kọ ìdáhùn fún un. Ẹ fi ìdajì pulọ́ọ̀tì yín wá nọ́ńbà náà, kí ẹ fi ìdajì tó kù dán an wò láìtún fọwọ́ kàn án mọ́.

Láti Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀rù ń bà mí tí mo bá ń ka ìpolówó iṣẹ́ wọ̀nyí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹni tó mọ Bayesian, tó mọ data assimilation, tó lè ka èdè kọ̀ǹpútà C++ tàbí Fortran. Èdè R nìkan ni mo mọ̀, regression sì ni gbogbo PhD mi. Ṣé kí n padà sí kíláàsì ni?

Èsì: Rárá o. Ọ̀gá tó kọ ìpolówó máa ń to gbogbo ohun tó wù ú síbẹ̀. Kò retí pé ẹnì kan á ní gbogbo rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọn kì í gbójú fò: kí ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín mọ́dẹ́ẹ̀lì tó bá dátà àná mu àti èyí tó lè sọ ti ọ̀la. Ẹ jẹ́ ká pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ gbé dátà PhD yín jáde. Bí ẹ bá ti wọn igi kan náà lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé ìwọ̀n tó kẹ́yìn pamọ́. Ẹ kọ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì lórí àwọn tó ṣáájú, ẹ jẹ́ kó sọ ohun tí èyí tó kẹ́yìn máa jẹ́, kí ẹ tó ṣí i wò. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á fa ogún nínú ọgọ́rùn-ún igi yọ láìṣàyàn, wọn á fi ìyẹn dán mọ́dẹ́ẹ̀lì wò. Igi tí wọ́n yọ àti èyí tó dúró tì í jọ mu òjò kan náà ni, orí ilẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà, nítorí náà ìdánwò yẹn kò dán nǹkan kan wò. Ìwádìí kan tó jáde ní 2020 lórí igbó Àárín Gbùngbùn Áfíríkà fi èyí hàn kedere. Nígbà tí wọ́n dán àwòrán ìwúwo igbó wò láìṣàyàn, ó dà bíi pé mọ́dẹ́ẹ̀lì wọn mọ ohun tó ju ìdajì ìyàtọ̀ tó wà láàárín ibì kan sí ibòmíràn lọ. Nígbà tí wọ́n wá fi àyè sáàárín ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ àti ibi tí wọ́n ti dán an wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ́ Bayesian, ọ̀nà ìṣirò tó ń sọ bí ìdáhùn ṣe dá wa lójú tó, lórí dátà yín fúnra yín, kì í ṣe lórí àpẹẹrẹ inú ìwé. Ẹ fi irinṣẹ́ brms bẹ̀rẹ̀ nínú R, kí ẹ wá fọwọ́ ara yín kọ mọ́dẹ́ẹ̀lì kan náà nínú Stan, NIMBLE tàbí JAGS, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó wà fún irú ìṣirò yìí. Ohun tí ẹ ń lé ni èyí tí wọ́n ń pè ní state-space. Ìdábùú tí ẹ kọ sínú ìwé kì í ṣe ìdábùú igi náà gan-an: téèpù lè yẹ̀, ẹni tó wọ̀n ọ́n lọ́dún yìí lè yàtọ̀ sí ti èṣí, ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n sì lè gòkè. State-space ló ń ya àṣìṣe ìwọ̀n kúrò lára ìdàgbà igi.

Kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, ẹ wo ìṣirò tí Chave àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2014 fún igi ilẹ̀ olóoru. Ìwúwo igi lókè ilẹ̀, ní kílò, jẹ́ 0.0673 × (ρ × D² × H)^0.976. ρ ni bí pákó igi náà ṣe ki tó, ní gíráàmù fún sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan. D ni ìdábùú ní sẹ̀ǹtímítà. H ni gíga ní mítà. Igi tí D rẹ̀ jẹ́ 50, tí H rẹ̀ jẹ́ 30, tí ρ rẹ̀ jẹ́ 0.5, máa wọ̀n tó kílò 1,960. Bí ẹni tó di téèpù mú bá wé e mọ́ orí gbòǹgbò pẹrẹsẹ tó yọ ní ìdí igi, tó sì rí 55, ó ti di 2,360. Kílò 400 tí kò sí níbì kankan nìyẹn, lórí igi kan ṣoṣo. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń wọn igi tó dúró tààrà ní mítà 1.3 sókè, tí wọ́n sì ń gòkè kọjá òpin irú gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ ní ààbọ̀ mítà fún igi bí arère, tí wọ́n á fi ọ̀dà fa ìlà síbẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà wọn ibòmíràn.

Data assimilation kò le tó orúkọ rẹ̀. Mọ́dẹ́ẹ̀lì sọ àsọtẹ́lẹ̀, dátà tuntun dé, ẹ tún ipò mọ́dẹ́ẹ̀lì ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe gbọ́kàn lé ọ̀kọ̀ọ̀kan tó, ẹ sì tún sọ òmíràn. Ibi tí ẹ ti lè fi ṣe ìdánrawò lọ́fẹ̀ẹ́ ni ìdíje tí Ecological Forecasting Initiative dá sílẹ̀ lórí dátà NEON, àjọ tó ní ibùdó ìwádìí 81 ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú ìbéèrè ibẹ̀ ni bí àwọ̀ ewé ṣe máa tutù yọ̀yọ̀ tó láwọn ọjọ́ tó ń bọ̀, gẹ́gẹ́ bí kámẹ́rà tó ń wo orí igbó ṣe máa rí i. Kò dìgbà tí ẹ bá wà ní Amẹ́ríkà kí ẹ tó kópa. Ẹ má fi nọ́ńbà kan ṣoṣo ránṣẹ́. Ẹ fi bí ó ṣe dá yín lójú tó kún un, nítorí CRPS tí wọ́n fi ń fún ni ní máàkì ń jẹ ẹni tó fọ́nnu níyà, ó sì ń jẹ ẹni tó na àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ jù níyà pẹ̀lú. Kí ẹ tó yọ̀, ẹ fi tiyín wé àsọtẹ́lẹ̀ ọ̀lẹ méjì: «ọ̀la á rí bí òní» àti «ọjọ́ yìí á rí bó ṣe máa ń rí láwọn ọdún tó kọjá». Ó máa ń yani lẹ́nu bí ọ̀lẹ méjèèjì yìí ṣe ń na mọ́dẹ́ẹ̀lì olówó gọbọi. Bí tiyín bá nà wọ́n, ẹ ti rí ohun gidi kan kọ sínú CV yín.

Ní ti C++ àti Fortran, wọn kò ní kí ẹ kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ẹ lè kà á, kí ẹ yí ìlà kan padà, kí ẹ tún un kó jọ láìbàjẹ́, ó ti tó. C++ ni wọ́n fi kọ LPJ-GUESS, FORMIND, TROLL àti iLand. Fortran ni ti FATES àti ED2, àwọn mọ́dẹ́ẹ̀lì igbó mìíràn. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí ibì kan ṣoṣo. Ọ̀fìn méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, bí mọ́dẹ́ẹ̀lì bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ òfìfo, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sáré fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí igbó inú rẹ̀ tó gbó. Ẹni tó bá fo ìyẹn á rí igbó tó ṣì ń hù, á sì kéde pé ojú ọjọ́ tuntun ló ń mú un sanra. Ìkejì ni ikú igi, ibẹ̀ ni gbogbo mọ́dẹ́ẹ̀lì ti ń kọsẹ̀. Nínú igbó kìjikìji Áfíríkà, igi tí ìdábùú wọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 máa ń tó nǹkan bí 425 lórí hẹ́kítà kan. Bí ọ̀kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún bá ń kú lọ́dún, igi mẹ́rin sí mẹ́sàn-án péré nìyẹn. Pulọ́ọ̀tì hẹ́kítà kan tí ẹ wò fún ọdún méjì kò lè kọ́ yín ní ohun tó ń pa igi. Bí wọ́n bá bi yín léèrè nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé kí ni àbùkù dátà yín, ẹ sọ èyí kí wọ́n tó sọ ọ́ fún yín.

Láti Abẹ́òkúta

Mo ti kọ ímeèlì sí ogójì ọ̀jọ̀gbọ́n ní Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni méjì ló dáhùn, àwọn náà ní kò sí owó. Mo so ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ lẹ́tà yìí. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i?

Èsì: A kà á. Ìkíni àti ìyìn ló gba ìlà márùn-ún àkọ́kọ́. Ìlà kẹfà lẹ tó sọ pé ẹ ní ìfẹ́ sí «gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀ igbó». Ẹni tí ó bá ka ìlà méjì tí kò rí iṣẹ́ ara rẹ̀ níbẹ̀ ti pa á dé.

Ẹ kọ orúkọ fẹ́lóṣíìpù àti ọjọ́ tó máa parí sí orí ímeèlì. Nínú rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí: «Mọ́dẹ́ẹ̀lì yín tó jáde lọ́dún báyìí kò ní igbó tí wọ́n ti gé igi nínú rẹ̀ rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Mo ní ìwọ̀n igi láti pulọ́ọ̀tì mẹ́fà tí a wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mọ́dẹ́ẹ̀lì yín lè sọ ìwọ̀n kẹta bí a bá fún un ní méjì àkọ́kọ́.» Lẹ́yìn ìyẹn, ibi tí kóòdù yín wà lórí GitHub, lẹ́yìn ìyẹn ohun tí ẹ fẹ́: ìpàdé ìṣẹ́jú ogún lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kó má ju igba ọ̀rọ̀ lọ. CV ojú ìwé méjì àti àlàyé ojú ìwé kan ni kí ẹ so mọ́ ọn, kì í ṣe gbogbo ìwé PhD. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, ẹ rán an létí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jẹ́ kó tán síbẹ̀.

Àwọn méjì tó ní kò sí owó, ẹ padà sọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó ní kò sí owó kò tíì ní òun kò fẹ́ yín. Ẹ sọ fún un pé fẹ́lóṣíìpù kan wà tó ń gbé owó tirẹ̀ bọ̀, kí ó kàn gbà láti jẹ́ olùgbàlejò yín ni.

Ìbéèrè yín náà ń fẹ́ àtúnṣe. «Ipa ìyípadà ojú ọjọ́ lórí igbó Nàìjíríà» kì í ṣe ìbéèrè, àkọlé ìpàdé ni. Ẹ mú ibì kan. Igbó ọba Ọmọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí UNESCO fi sínú ìwé rẹ̀ ní 1977, ní hẹ́kítà 460 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ pátápátá láti 1946, ó ní ibi tí gìmẹ́línà wà, ó sì ní ibi tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ti wọ̀. Ẹ lè béèrè pé: bí oko kò bá tún tẹ̀ síwájú mọ́ láti òní, ṣé ibi tí wọ́n ti gé máa padà ní ìwúwo ibi tí wọn kò gé kó tó di 2050, kí ló sì ń mú àsọtẹ́lẹ̀ náà mì jù, ṣé òjò ni tàbí àìsí igi ìyá tó máa so èso nítòsí? Mọ́dẹ́ẹ̀lì tó bá sọ ọjọ́ iwájú igbó ilẹ̀ Yorùbá láìní àgbẹ̀ nínú, òjò àti ooru nìkan, ẹ má gbé e lọ síbì kankan. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ rí á rẹ́rìn-ín.

Láti Kùtọnu

Mo parí PhD mi ní Abomey-Calavi ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, èdè Faransé ni mo fi kẹ́kọ̀ọ́. Fẹ́lóṣíìpù wo ni ará Bẹ̀nẹ̀ tàbí ará Nàìjíríà lè béèrè fún?

Èsì: Ọdún mẹ́ta dára, àmọ́ ẹ tètè. Fẹ́lóṣíìpù Humboldt ti Jámánì fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ń béèrè pé kí PhD yín má tíì ju ọdún mẹ́rin lọ. Ó ń jẹ́ oṣù mẹ́fà sí mẹ́rìnlélógún, kò sì ní iye tí wọ́n pín fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ìwé olùgbàlejò ni ọ̀pá ìdúró rẹ̀. Ẹ fi oṣù mélòó kan sí i fún èsì.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni Marie Skłodowska-Curie ti àjọ Yúróòpù. Ẹ̀ka tó wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè ni European Fellowship, ọdún kan sí méjì. Global Fellowship kò sí fún wa àyàfi ẹni tó bá ti di ará Yúróòpù. Nínú ìpè ọdún 2025, tó ṣí ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún tó sì parí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án, PhD kò gbọ́dọ̀ ju ọdún mẹ́jọ lọ, olùbéèrè kò sì gbọ́dọ̀ ti gbé ní orílẹ̀-èdè tó fẹ́ lọ ju oṣù méjìlá lọ nínú oṣù mẹ́rìndínlógójì tó ṣáájú ọjọ́ ìparí. Òfin kejì yìí ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn wa dànù: ẹni tó parí PhD ní Faransé tó tún fẹ́ dúró sí Faransé. Ojú ìwé mẹ́wàá ni àlàyé iṣẹ́ náà; máàkì rẹ̀ jẹ́ 50 fún ìmọ̀, 30 fún àǹfààní, 20 fún ètò iṣẹ́. Àwọn onímọ̀ igbó máa ń lo gbogbo ojú ìwé fún ìmọ̀, wọn á fi ìdajì ojú ìwé ṣe ètò iṣẹ́, ibẹ̀ ni máàkì ń lọ. Ẹ kọ oṣù tí mọ́dẹ́ẹ̀lì máa parí, oṣù tí dátà máa wọlé, àti ohun tí ẹ máa ṣe bí dátà kò bá wọlé. Ẹ tún mọ̀ pé owó tí wọ́n kọ síwèé kọ́ ni ẹ máa rí lọ́wọ́. Ìpín agbanisíṣẹ́ àti owó-orí á ti inú rẹ̀ jáde. Òfin lè yí padà lọ́dọọdún, pàápàá èyí tó de ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré pé kó má tún padà wá pẹ̀lú olùgbàlejò kan náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nítorí náà ìwé ọdún tí ẹ fẹ́ béèrè ni kí ẹ kà. Ẹ kọ sí olùgbàlejò ní oṣù Kìíní tàbí Ìkejì, torí àwọn yunifásítì máa ń ní ọjọ́ ìparí tiwọn tó ṣáájú.

Faransé yín kì í ṣe ẹrù. Àwọn onímọ̀ Toulouse, ilé-iṣẹ́ ìwádìí CIRAD àti AMAP ní Montpellier, àti yunifásítì Gembloux ní Bẹ́ljíọ̀mù ń ṣiṣẹ́ lórí igbó ilẹ̀ olóoru, ẹni tó sì mọ Faransé ló máa lè bá àwọn tó ń wọn igi ní Kóńgò àti Gabon sọ̀rọ̀. Kí ẹ tó lọ jìnnà, ilé ìwádìí LABEF wà ní Abomey-Calavi níbẹ̀, ìṣirò igbó gan-an ni iṣẹ́ wọn. EURAXESS ni ibi tí ẹ ti máa rí ìpolówó Yúróòpù, jobs.ac.uk ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Láti Oǹdó

Ilé-iṣẹ́ wa ní ìwé ìwọ̀n igi láti ìgbà pípẹ́, orí bébà ni wọ́n wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan lókè òkun ní kí n fi ránṣẹ́ sí òun kí a tó sọ̀rọ̀ postdoc. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Èsì: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ló ni ìwé náà, ẹ̀yin kọ́, nítorí náà ìyọ̀ǹda tí a kọ sílẹ̀ ló kọ́kọ́. Ohun tí ẹ lè fi ránṣẹ́ ni àpèjúwe rẹ̀: pulọ́ọ̀tì mélòó, ó tóbi tó kí ni, ọdún tí wọ́n wọ̀n ọ́n, igi mélòó, bóyá igi kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lára, àti ibi tó wà láìsọ ojú ibẹ̀ gan-an. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ti mọ̀ láti inú ìyẹn bóyá ó wúlò. Bó bá wúlò, ẹ kọ àdéhùn: ta ló máa wà lára àwọn tó kọ ìwé ìwádìí, ta ló lè lo dátà náà fún nǹkan mìíràn, ìgbà wo ló máa di ti gbogbo ayé. ForestPlots.net ní Leeds, níbi tí wọ́n ń kó dátà pulọ́ọ̀tì igbó pa mọ́ sí, ní irú òfin yìí. Ẹni tó fi dátà síbẹ̀ ló ṣì ni ín, wọ́n sì gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí irú dátà yìí ṣe ṣọ̀wọ́n tó: ìwádìí ńlá tó jáde ní 2020, tó fi hàn pé igbó kìjikìji Áfíríkà ń gba nǹkan bí tọ́ọ̀nù 0.66 kábọ́ọ̀nù sórí hẹ́kítà kan lọ́dún láìdínkù títí di 2015, nígbà tí ti Amazon ti ń dínkù, pulọ́ọ̀tì 244 ní orílẹ̀-èdè 11 ló dúró lé. Nàìjíríà ní pulọ́ọ̀tì kan lára ti ForestGEO, ẹgbẹ́ pulọ́ọ̀tì igbó káàkiri àgbáyé, ní Ngel Nyaki ní Tàrábà, hẹ́kítà 20.28. Queen's Plot ní Àkúrẹ́ ti wà láti 1935. Sátẹ́láìtì Biomass tí ESA, àjọ òfuurufú ti Yúróòpù, fi ránṣẹ́ sójú òfuurufú ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin, 2025, ń fi rédíò tó ń wọnú ewé dé igi wo ìwúwo igbó. Wọn kò lè tàn án lórí Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà nítorí rada tó ń ṣọ́ òfuurufú níbẹ̀, nítorí náà igbó ilẹ̀ olóoru bíi tiwa ló máa wò jù, ó sì nílò igi tí èèyàn fọwọ́ wọ̀n kí wọ́n fi mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ.

Ẹ kọ́kọ́ sọ bébà náà di dátà. Kí ẹni méjì tẹ̀ ẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ fi èkíní wé èkejì, ibi tí wọn kò bá ti bára mu ni kí ẹ padà sí bébà. Igi tó «kéré» sí i láàárín ìwọ̀n méjì, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ sàmì sí i. Orúkọ Yorùbá tí wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ fi orúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sí òpó kejì, torí orúkọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ máa ń yí padà.

Láti Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọbìnrin mi rí iṣẹ́ postdoc gbà ní Swídìn, ọdún kan péré, ó sì ní ọmọ méjì. Ó ní igbó ọjọ́ iwájú ni òun fẹ́ lọ kà. Ṣé kó lọ?

Èsì: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá. Iṣẹ́ gidi ni, ẹ má fòyà. Ọdún kan ló kéré: físà, ilé àti ilé-ìwé ọmọ á jẹ oṣù mẹ́ta, nígbà tó bá fi di oṣù kẹjọ á ti máa wá iṣẹ́ mìíràn, mọ́dẹ́ẹ̀lì kò sì ní tíì parí. Kó tó fọwọ́ sí ìwé, kó béèrè bóyá owó ọdún kejì ti wà nílẹ̀ àbí ìrètí lásán ni, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn náà ránṣẹ́. Ti ìwé ìgbélùú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ṣe pàtàkì jù. Bó bá ṣì ń ka ọdún lọ sí ìwé ìgbélùú títí lọ, bó bá ju ọjọ́ 180 lọ lẹ́yìn odi láàárín oṣù méjìlá kan ṣoṣo, kíkà náà lè já. Bó bá ti gbà á, ọdún méjì lẹ́yìn odi láìwọlé ló ń fọ́ ọ. Kó bá agbẹjọ́rò tó mọ òfin wíwọ̀lú sọ̀rọ̀ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Láti Ẹdẹ

Irú kọ̀ǹpútà wo ni mo nílò? Iná kò dúró síbí, dátà íntánẹ́ẹ̀tì sì wọ́n.

Èsì: Laptop tó ní RAM 16 GB ti tó fún mọ́dẹ́ẹ̀lì ibì kan ṣoṣo. Àwòrán sátẹ́láìtì kò yẹ kó kan kọ̀ǹpútà yín rárá: ẹ ṣe é lórí Google Earth Engine, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìwádìí, àbájáde nìkan ni kí ẹ gbà sílẹ̀. Bí ẹ bá ń gba dátà ojú ọjọ́ ERA5, ẹ gé e sí ibi tí ẹ fẹ́ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Fún ìsàlẹ̀ Nàìjíríà, ìkùukùu ń bo sátẹ́láìtì Landsat àti Sentinel-2 lójú nígbà òjò, eruku ọyẹ́ sì ń da àwọ̀ rú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà ẹ fi rada Sentinel-1 kún un. Àwòrán Landsat 7 láti ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún, 2003, ní ìlà òfìfo nínú. Ẹni tí kò mọ̀ á kà á sí ibi tí wọ́n ti gé igi.

Ní ti iná, ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ kan sáré fún wákàtí mẹ́fà kó tó kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹ pín in sí ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ó máa fi ipò igbó náà pamọ́ sínú fáìlì lópin ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. LPJ-GUESS ní èyí nínú tẹ́lẹ̀, ẹ kàn ní láti tàn án. Ẹ kọ nọ́ńbà seed tí ẹ lò, èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í yan nǹkan láìṣàyàn, sínú fáìlì náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ igi tó kú kí iná tó lọ lè yàtọ̀ sí èyí tó máa kú nígbà tí iná bá dé.